Àwọn àṣìṣe tó ń sọ ìkìlọ̀ sáfà di ariwo lásán

Àṣìṣe tó ń bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ni kí gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn) máa dún lórí fóònù ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹnì kan bá wọlé sórí sáfà, kó wà nínú log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó tán. Bí àyè disk bá ń dín kù díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ àárọ̀ ọ̀la nìyẹn. Bí oníbàárà ò bá lè sanwó mọ́, ìyẹn ló tọ́ kó jí èèyàn lóru. Fóònù tó ń dún ṣáá láìsí ohun tí a fẹ́ ṣe sí i, ẹni tó ni ín á pa ohùn rẹ̀, ìkìlọ̀ gidi á sì bá a lójú oorun.

Ẹ má fi CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó dé 90% nìkan ṣe ìkìlọ̀. Backup òru lè gbé e débẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, kó sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú Prometheus, ètò tó ń ṣọ́ sáfà, bí ẹ ò bá kọ `for: 5m` tàbí irú rẹ̀ sínú òfin náà, ẹ̀ẹ̀kan péré tó bá ti kọjá ààlà, ó ti dún nìyẹn.

Disk ló ń tan èèyàn jù. Ìdá 80% lórí disk 4 TB ṣì ku 800 GB. Lórí 20 GB, 4 GB péré ló kù, log kan tó ya wèrè lè jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó ṣe ń yára kún ni kí ẹ máa wò: `predict_linear` inú Prometheus lè sọ bóyá yóò kún láàárín wákàtí mẹ́rin. Ẹ sì máa ṣọ́ inode pẹ̀lú, ìyẹn àyè ìforúkọsílẹ̀ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ń gbà lórí disk. Àṣẹ `df -h` lè fi àyè hàn, síbẹ̀ kí sáfà máa ké “No space left on device” (kò sí àyè mọ́), nítorí pé fáìlì kéékèèké ti gba gbogbo inode. `df -i` ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Bí switch kan (ẹ̀rọ tó so àwọn sáfà pọ̀ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) bá kú, ẹ má jẹ́ kí àádọ́ta sáfà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ké lọ́kọ̀ọ̀kan. `group_by` (tó ń kó ìkìlọ̀ jọ) àti `inhibit_rules` (tó ń pa àwọn kan lẹ́nu mọ́ bí òmíràn bá ti ń dún) wà nínú Alertmanager, ètò tó ń pín ìkìlọ̀ Prometheus, fún èyí.

Ọdẹ tó ń sùn nínú ilé tó ń ṣọ́, bí ilé bá jó, ta ni yóò pariwo? Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2021 tí Facebook kú fún bíi wákàtí mẹ́fà, DNS wọn (ìwé orúkọ tó ń sọ ibi tí ìkànnì wà) tó lọ ba ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìbá fi wádìí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ẹ gbé aṣọ́nà kan sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí Prometheus máa ránṣẹ́ sí i ní gbogbo ìgbà pé òun ṣì wà. Bí iṣẹ́ tó ń rán bá dákẹ́, ibẹ̀ ni kí aṣọ́nà náà ti pariwo.

Ti certificate, ìwé ẹ̀rí tó ń fi hàn pé ìkànnì jẹ́ ojúlówó, ńkọ́? Ọjọ́ 90 ni Let's Encrypt, àjọ tó ń fúnni ní certificate lọ́fẹ̀ẹ́, máa ń fún un, wọ́n sì ti dẹ́kun fífi ímeèlì ránni létí láti oṣù kẹfà 2025. Certbot, ètò tó ń bá sáfà gbà á, máa ń tún un ṣe bó bá ku ọjọ́ 30, nítorí náà bó bá ku 20 tí kò tíì yí padà, nǹkan ti ṣe. Ẹ má yẹ fáìlì tó wà lórí disk wò o. Èyí tí port 443 (ẹnu ọ̀nà HTTPS) ń fún èèyàn ni kí ẹ yẹ̀ wò. Fáìlì lè ti di tuntun kí nginx (ètò tó ń gbé ìkànnì jáde) tí ẹnikẹ́ni ò reload, kó lè tún fáìlì náà kà, ṣì máa pín ti àtijọ́ kiri.