Bí ẹ ó ṣe dá kíláàsì ìwé kíkà sílẹ̀ ní abúlé nígbà họlidé

Abúlé kan lọ́nà Ṣakí ni mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, ọjọ́ CDS, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí NYSC ń yà sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ni mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ìwé kíkà. Títí di òní, bí họlidé gígùn bá ti dé, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ kan láti Ìbàdàn la jọ máa ń padà sí Òkè-Ògùn. Àwọn tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ níbòmíràn sábà máa ń bi mí pé kí ni kí àwọn kọ́kọ́ rà. Ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Ẹ kọ́kọ́ lọ kí wọn nílé. Ẹ wá ẹni tí abúlé mọ̀ kó mú yín lọ, ẹ má já wọ ibẹ̀ bí olóṣèlú tó ń wá ìbò. Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ yà, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé, pásítọ̀, lemọ́ọ̀mù àti ìyálọ́jà. Ẹ má fojú kéré ìyálọ́jà o, torí àwọn ìyá ló ń pinnu bóyá ọmọ á kiri ọjà tàbí á wá. Tó bá jẹ́ yàrá ilé-ìwé ìjọba lẹ fẹ́ lò, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ní abúlé, wọ́n á béèrè omi, wọ́n á béèrè iná, wọ́n á béèrè ọ̀nà. Ẹ sọ pé ìwé kíkà lẹ bá wá. Bí ẹ bá ṣèlérí kànga láti fi gbayì, kànga yẹn ni wọn ó máa bi yín, wọn ò ní béèrè kíláàsì mọ́.

Ẹ béèrè ọjọ́ ọjà àti iṣẹ́ oko kí ẹ tó yan àsìkò. Ní Òkè-Ògùn, láti nǹkan bí Oṣù Kejì sí Oṣù Kẹrin, kaṣú ni àwọn ọmọ ń ṣà; kò sí òbí tó máa jẹ́ kí kaṣú jẹrà sílẹ̀ nítorí ABD. Ìparí Oṣù Keje wọ Oṣù Kẹsàn-án ló dára jù. Oko ló ni àárọ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀, a sì ń túká kí àwọn ìyá tó máa wá ẹni tí yóò dáná. Ọjọ́ ọjà, kò sí kíláàsì.

Ìdánwò ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ fara balẹ̀ ṣe. Ẹ má pín àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe wà nílé-ìwé. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan síbi tí àwọn yòókù kò ti lè gbọ́, ṣùgbọ́n tí gbogbo ènìyàn ti ń rí yín. Ẹ gbé bébà kan síwájú ọmọ: lẹ́tà ló wà lókè, ọ̀rọ̀ bí igi, ilé, ọwọ́ àti àgbàdo ló tẹ̀ lé e, ìtàn gbólóhùn mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀. Ibi tó bá ti há ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Pratham, àjọ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé, tó bẹ̀rẹ̀ ní Mumbai ní Íńdíà lọ́dún 1995, ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí ayé mọ̀, wọ́n sì ń lò ó ní Zambia náà. Ẹ ó rí ọmọ prámárì 5 tí kò mọ “gb” yàtọ̀ sí “g”. Ojú á tì í bí ẹ bá kó o mọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ tí ẹ sì pè é ní ẹgbẹ́ àwọn tí kò mọ̀wé. Orúkọ igi la fi ń pe ẹgbẹ́ tiwa, àwọn tí kò tíì mọ lẹ́tà la sì fún ní Ìrókò. Ẹni tó bá ti tẹ̀ síwájú, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kíá.

Yorùbá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Òbí kan á ní Yorùbá wà nílé, Gẹ̀ẹ́sì ni òun ń wá. Mo máa ń sọ ti Ifẹ̀ fún wọn: láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà mọ̀wé dáadáa, kò sì ṣàkóbá fún Gẹ̀ẹ́sì wọn.

Ìwé tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù ni èyí tó ti ẹnu ara wọn jáde. Ẹ ní kí ọmọ kan sọ ohun tó rí lóko lánàá, kí ẹ kọ ọ́ sójú pátákó bó ṣe sọ ọ́: “Ọ̀bọ jẹ àgbàdo wa. Bàbá lé e. Ó gun igi. Ó ń fi wá ṣẹ̀sín.” Kí gbogbo wọn kà á, kí ẹ máa nàka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, kí wọ́n sọ èyí tó sọnù. Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sórí páálí, ẹ dà wọ́n rú, kí wọ́n tò wọ́n padà. Ní ti àmì ohùn, ẹ ní kí ọmọ tó mọ ìlù fi igi lu ohùn ọ̀rọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, dò-re-mí, kí àwọn yòókù fi àmì sí i. Àwọn ọmọ yìí gbọ́ ìlù jù mí lọ.

Ọjà tí ẹ ó rà kò ju pákó tí a kùn ní dúdú, ṣọ́ọ̀kì àti mákà lọ. Ẹ tọrọ páálí lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣa ìdérí ìgò fún ìṣirò.

Kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, ẹ wá ọmọ abúlé tí yóò máa bá yín kọ́ wọn. Ọmọbìnrin tó ti ṣe WAEC, tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, wúlò ju àwa márààrún láti Ìbàdàn lọ, torí òun kò ní wọ mọ́tò padà. Ẹ lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó máa dá a sílẹ̀ ní aago mẹ́rin. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, òun ni kó dúró níwájú, kí ẹ̀yin jókòó sẹ́yìn. Owó tí ẹ fẹ́ fi ran aṣọ ẹgbẹ́jọdá tó ní orúkọ yín láyà, ẹ kó o fún un. Èmi ò rí ohun tí aṣọ yẹn ń kọ́ ọmọ.

Olùyọ̀ǹda kan kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá, ẹni tó wù kó jẹ́. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ òbí kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ má sì ya ọmọ tó wọ àkísà láti fi tọrọ owó. Ibi tí Baálẹ̀ bá fi yín sí ni kí ẹ sùn, kí ẹ mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dání.

Lọ́sẹ̀ ìkẹyìn, ẹ tún ìdánwò náà ṣe pẹ̀lú ìtàn mìíràn, kí àwọn ọmọ kàwé lójú àwọn òbí wọn. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé orúkọ kan sọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, òmíràn sọ́wọ́ ọmọbìnrin télọ̀ yín. Bí ilé-ìwé bá ti wọlé ní Oṣù Kẹsàn-án, ẹ pe ọmọbìnrin náà lórí fóònù, kí ẹ béèrè iye ọmọ tó ṣì ń wá nírọ̀lẹ́ àti bóyá ṣọ́ọ̀kì ti tán.