Bí A Ṣe Lè Rí Ọta Tó Bá Ọ̀pá Ìbọn Atẹ́gùn Àtijọ́ Mu

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ìbọn atẹ́gùn àtijọ́ bọ́ sí lọ́wọ́ ni ó máa ń rò pé ọ̀pá rẹ̀ ti jẹ tán, nítorí pé ọta tí wọ́n rà ń yọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá bí òkúta tí a jù sínú kànga. Mo ti rí ìbọn gidi tí wọ́n tà lọ́pọ̀ nítorí irú èrò bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí, nítorí pé nínú púpọ̀ wọn, ọta ni kò bá ìbọn mu, ìbọn kọ́ ló bàjẹ́.

Ìbọn tí màá fi ṣe àpẹẹrẹ ni BSA tí a ń fi irin gígùn tó wà lábẹ́ ọ̀pá fa sípíríǹgì rẹ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ Birmingham Small Arms bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ìlú Birmingham ní ọdún 1905 lórí iṣẹ́ ọpọlọ Lincoln Jeffries. Nígbà náà, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ìwọ̀n ihò ìbọn: Nọ́ńbà 1 ni 0.177 ínṣì, Nọ́ńbà 2 ni 0.22, Nọ́ńbà 3 sì ni 0.25. Bí a bá sọ 0.22 ínṣì di mìlímítà, 5.588 ni yóò fún wa, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 5.6. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn mú 5.5, ìwọ̀n yìí sì ni ọ̀pọ̀ ọta tó wà lọ́jà lónìí ń tẹ̀ lé. Ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kéré lójú, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pá ìbọn, ó tó àlàfo tí afẹ́fẹ́ lè gbà sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọta. Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní jíjẹ lè jẹ́ bí wọ́n ṣe gbẹ́ ọ̀pá náà láti ilé-iṣẹ́. Òjé tí a fi ṣe ọta rọ̀, kì í sì í jẹ irin bọ̀rọ̀. Ìpẹtà ni ó ń ba inú ọ̀pá jẹ́ jù, àti ọ̀pá irin tí àwọn ènìyàn fi ń nù ún láìfarabalẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn náà àti pé ẹ kò tíì fa sípíríǹgì rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fọ inú ọ̀pá. Ẹ so àkísà òwú kékeré mọ́ okùn ìpẹja, ẹ kán epo díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fà á kọjá títí àkísà yóò fi jáde ní mímọ́. Ó lè gba ogún àkísà kí dúdú òjé ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó tán. Ẹ fi iná wo ẹnu ìbọn pẹ̀lú, nítorí pé bí etí rẹ̀ bá ti ṣá níbì kan, kò sí ọta tí yóò lọ tààrà, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn sì nìyẹn.

Ẹ tún wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń jò níbòmíràn. Ẹ tẹ́ bébà ìnujú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ibi tí a ń ki ọta sí, kí ẹ sì yin ìbọn náà pẹ̀lú ọta nínú rẹ̀, nítorí pé yíyin ìbọn onísípíríǹgì lófìfo ń ba písítìnì rẹ̀ jẹ́, ìyẹn irin tí sípíríǹgì ń tì láti tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀. Bí bébà bá fò, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń sá. Bí agbára ìbọn bá kéré tí bébà kò sì mì, ó ṣeé ṣe kí awọ orí písítìnì ti gbẹ. Ẹ̀kán díẹ̀ nínú epo ẹsẹ̀ màlúù tí a fi ń tọ́jú awọ, tí ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú, yóò mú un rọ̀. Ẹ má ṣe lo epo ẹ̀rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níbẹ̀, nítorí pé ó lè gbiná nígbà tí písítìnì bá tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀, kí ó sì ba ìbọn jẹ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí ọ̀pá fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọta ìbọn atẹ́gùn ní orí, ìbàdí tó tín-ín-rín, àti yẹ̀rì tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn. Orí ń gun orí àwọn ilà tó yí inú ọ̀pá, yẹ̀rì sì ni ó ń dí ihò kí afẹ́fẹ́ má baà sá. Bí ìbọn yín bá jẹ́ èyí tí a ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ ní oríkèé láti ki ọta, ẹ ti ọta wọlé láti ìdí ọ̀pá, kí ẹ sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó tọ́ tì í jáde lẹ́nu. Ti BSA yàtọ̀, nítorí pé ibi ìki-ọta rẹ̀ ń yí bí ẹnu ẹ̀rọ omi, ó sì dí ìdí ọ̀pá. Ẹ yọ ọ́ pẹ̀lẹ́, kí ẹ wá ti ọta láti ẹnu ìbọn títí yóò fi bọ́ sínú ihò tí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun ha á nígbà tí ó wà níta, nítorí pé bí ó bá dínkù díẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò máa jò níbẹ̀ títí láé.

Bí ẹ ṣe ń ti ọta yìí, ọwọ́ ni kí ẹ fi gbọ́ ọ. Ọta tó bá a mu máa ń fún ọwọ́ lésì tó dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá le níbì kan tó sì tú níbòmíràn, ó ṣeé ṣe kí ìpẹtà ti jẹ ibi tó tú náà. Èyí tó bá jáde ni kí ẹ gbé sórí aṣọ funfun lábẹ́ iná. Ẹ óò rí ibi tí ilà ọ̀pá ti gé etí yẹ̀rì, tí ó ń dán bí fàdákà tuntun. Bí àwọn ojú dídán wọ̀nyí bá yí yẹ̀rì ká pátá, tí wọ́n sì fara kan orí fẹ́rẹ́, ẹ ti rí ọta yín. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá dán tí èkejì sì wà bí ó ti jáde látinú agolo, ọta náà kéré.

Ẹni tó fẹ́ mọ bí ihò ọ̀pá ṣe fẹ̀ tó gan-an lè lo òjé ìpẹja rírọ̀ tó fi díẹ̀ ju ihò lọ. Ẹ fi epo pa á, ẹ fi òòlù igi gbá a wọlé, kí ẹ tì í jáde, kí ẹ sì fi kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, wọ̀n ọ́n ní ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Iye tó pọ̀ jù ni kí ẹ mú.

Pẹ̀lú iye yìí lọ́wọ́, ẹ wo ara agolo. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi H&N ti Jámánì àti JSB ti Czech máa ń kọ ìwọ̀n orí ọta síbẹ̀ ní mìlímítà, ẹ óò sì rí 5.52, 5.53 títí dé 5.55 láàárín àwọn ti H&N. Fún ìbọn Diana tó ti Rastatt ní Jámánì wá, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nílé, 5.50 tàbí 5.52 ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀; fún BSA àtijọ́, 5.55 ni. Ọta RWS Superpoint wúlò gan-an fún ọ̀pá tó fẹ̀, nítorí pé yẹ̀rì rẹ̀ fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ sì lè tètè fẹ̀ ẹ́ kó dí ihò. Ọta Eley Wasp tí wọ́n kọ 5.6 sí lára ni àwọn àgbà fẹ́ràn jù fún irú ìbọn yìí, ṣùgbọ́n agolo àtijọ́ ni ẹ óò rí. Bí ìyẹ̀fun funfun bá ti bo ọta inú rẹ̀, ẹ má rà á, májèlé ni ìyẹ̀fun náà. Ẹ yẹra fún ọta tí kò ní òjé nínú, nítorí pé ó le, yẹ̀rì rẹ̀ kì í sì í fẹ̀. Ẹ yẹra fún ọta wíwúwo pẹ̀lú, torí sípíríǹgì àgbàlagbà kò ní agbára rẹ̀.

Bí ọta tó tóbi jù lọ bá ṣì tú díẹ̀, ẹ lè fi irin tí orí rẹ̀ rí roboto tẹ inú yẹ̀rì fẹ́rẹ́ kí ó ṣí sí i. Ìka kan ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máa yí i, kí ó má baà ṣí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lórí BSA, ẹ ṣọ́ra: bí ọta bá yọ sókè níbi ìki-ọta, yíyí rẹ̀ yóò gé e.

Ìdánwò ìkẹyìn wà lórí pátákó ìfojúsùn. Ẹ rí i pé ìwé àṣẹ yín pé, nítorí pé òfin Nàìjíríà ka ìbọn atẹ́gùn mọ́ ohun ìjà tó nílò rẹ̀, Scotland náà sì ti sọ ọ́ di dandan láti òpin ọdún 2016. Ẹ dúró ní mítà mẹ́wàá, kí ohun tó lè gba ọta dúró wà lẹ́yìn pátákó. Ẹ gbé ìbọn lé àtẹ́lẹwọ́ láìfún un mọ́ra, kí ó lè ta padà bó ṣe fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yin ọta mẹ́wàá láìkà wọ́n, kí ọ̀pá lè mọ òjé tuntun náà lára, kí ẹ wá yin márùn-ún márùn-ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ sì wọn àárín àwọn ihò tó jìnnà síra jù. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí agolo tó kó àwọn ihò náà jọ jù lọ, ẹ wo nọ́ńbà ìpele tó wà lára rẹ̀, èyí tó ń fi àwọn agolo tí wọ́n jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà hàn, kí ẹ sì ra mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ní nọ́ńbà kan náà, nítorí pé agolo tó jọ ọ́ láti ìpele mìíràn lè yàtọ̀.