Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Motherboard Láìtún Windows àti Linux Fi Sórí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Abuja ló ń gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Wuse 2 nítorí motherboard (bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́), tí wọ́n sì ń gbà á padà pẹ̀lú dísìkì tí a ti pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí inú dísìkì ni Windows àti Linux wà. Ìwọ̀nba ètò tí wọ́n fi ń jí ló wà lára motherboard, àwọn ètò yìí ni ẹ sì gbọ́dọ̀ kó jọ kí ẹ tó tú ohunkóhun.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni BitLocker, ètò Windows tó ń ti dísìkì pa. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows 11, bí ẹ bá ti fi àkáǹtì Microsoft wọlé báyìí, Windows lè ti dísìkì pa láìjẹ́ pé ẹ fura, kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ìkáwọ́ TPM, ẹ̀yà ààbò tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, tó wà lára motherboard. Bí bọ́ọ̀dù náà bá kúrò, kọ̀ǹpútà yóò béèrè kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà, nọ́ńbà gígùn tó ní díjíìtì 48, lọ́wọ́ yín, ẹni tí kò bá sì ní i kò ní rí fáìlì rẹ̀ mọ́, bó ti wù kí oníṣẹ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó. Ẹ wá nọ́ńbà yìí nínú àkáǹtì Microsoft yín, orí fóònù náà lè ṣe é, kí ẹ sì fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé. Inú kọ̀ǹpútà kan náà kì í ṣe ibi tí a ń tọ́jú rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Command Prompt (ojú ìwé tí a ń tẹ àṣẹ sí) gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ tẹ èyí láti dá BitLocker dúró fúngbà díẹ̀:

manage-bde -protectors -disable C: -RebootCount 0

Ẹ má ṣe yọ òdo ìparí yẹn kúrò o, nítorí láìsí i, BitLocker yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ ní kété tí kọ̀ǹpútà bá tún tàn.

Ẹ wọ inú BIOS (ojú ìwé ètò motherboard), kí ẹ fi fóònù ya ojú ìwé méjì: èyí tó sọ bóyá UEFI (ọ̀nà ìjí tuntun) tàbí CSM (ọ̀nà ìjí àtijọ́) ni ẹ ń lò, àti èyí tó sọ bóyá AHCI tàbí RAID, ọ̀nà tí bọ́ọ̀dù ń gbà bá dísìkì sọ̀rọ̀, ni dísìkì wà. Bí ètò AHCI tàbí RAID bọ́ọ̀dù tuntun bá yàtọ̀ sí ti àtijọ́, Windows lè kọ INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE sójú yín; bí ti UEFI tàbí CSM ló bá yàtọ̀, Windows lè má tan rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré pa dísìkì rẹ́, nígbà tó jẹ́ pé kí wọ́n dá ètò náà padà sí bó ti wà tẹ́lẹ̀ ti tó.

Títú bọ́ọ̀dù kò le. Ẹ ya àwòrán àwọn wáyà tín-ín-rín tó lọ síbi bọ́tìnnì ìtanná kí ẹ tó yọ wọ́n. Nígbà ọyẹ́, iná mọ̀nàmọ́ná kékeré tí aṣọ àti kápẹ́ẹ̀tì ń kó síni lára lè ba RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) jẹ́. Bí ẹ kò bá ní okùn ọwọ́ tí wọ́n ń tà fún un, ẹ máa fọwọ́ kan irin àpótí kọ̀ǹpútà tí kò ní ọ̀dà lóòrèkóòrè.

Bí ẹ bá tan án tí Linux kò sì hàn, inú ìrántí bọ́ọ̀dù àtijọ́ ni orúkọ rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń jí i wà, Linux fúnra rẹ̀ kò sọnù. Ẹ fi flash Ubuntu tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fi àṣẹ Linux tó ń jẹ́ efibootmgr dá orúkọ náà padà.

Ẹ ti fi dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ohun èlò) íntánẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀dù tuntun sórí flash ṣáájú, nítorí Windows lè má dá ohun èlò íntánẹ́ẹ̀tì náà mọ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé, ẹ lọ sí Activation nínú Settings Windows, kí ẹ sọ pé ẹ pààrọ̀ ohun èlò. Àmọ́ àṣẹ ìlò Windows tó bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé iṣẹ́ kì í sábà tẹ̀ lé bọ́ọ̀dù tuntun, ẹ ó ra òmíràn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ṣiṣẹ́, ẹ fi manage-bde -protectors -enable C: dá ààbò dísìkì padà.