Bí A Ṣe Ń Ṣe Sàláńsà àti Ètò Brain Box Ọkọ̀ Eré ní Ilẹ̀ Okun

Ẹni tó ní ọkọ̀ eré ní Kàbà, Ìyàrá, Mọ̀pà, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀, tó sì fẹ́ kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ lágbára ju bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá lọ, epo tí ó ń rí rà ni kí ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò kí ó tó náwó lórí sàláńsà. Púpọ̀ nínú ètò brain box (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnì) tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ fún epo ilẹ̀ òkèèrè. Ní Jámánì, bí àpẹẹrẹ, ilé epo ń ta bẹntiróòlù tí òṣùwọ̀n octane rẹ̀ jẹ́ 95 àti 98. Èyí tí a ń rà níhìn-ín kò tó bẹ́ẹ̀. Octane ni ó ń fi hàn bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ àti ooru inú sìlíńdà tó, láìgbiná fúnra rẹ̀. Bí ètò tí wọ́n kọ fún 98 bá ń mú kí púlọ́ọ̀gì tètè tanná, tí epo inú táǹkì kò sì tó ìyẹn, apá kan epo náà yóò bú láìdúró de iná púlọ́ọ̀gì, ẹ ó sì máa gbọ́ ìró bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo nígbà tí ẹ bá tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lórí òkè. Bíbú tó ń fa ìró yẹn ló ń fọ́ písítìn. Nítorí náà, irú epo tí ẹ ń lò ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹni tí yóò kọ ètò náà, kí ó sì kọ ọ́ fún epo yẹn gan-an.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ ẹ́ńjìnì wò dáadáa, nítorí pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yìí, kò sì sẹ́ni tó mọ bí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ṣe tọ́jú rẹ̀. Kí mẹkáníìkì wọn ìfúnpọ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, pẹ̀lú gbogbo púlọ́ọ̀gì ní títú. Bí ọ̀kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ kéré sí àwọn yòókù, owó yín kò tíì kan sàláńsà. Ẹ jẹ́ kí n fi Golf GTI ìran karùn-ún ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.0, tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí, tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnì), tí agbára rẹ̀ sì jẹ́ agbára ẹṣin 200. Lábẹ́ pọ́ǹpù epo rẹ̀ tó wà lára tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnì) ni irin kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní cam follower. Ẹ tú pọ́ǹpù náà, kí ẹ sì yọ irin yìí síta. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì dúdú, ó dára. Bí dúdú náà bá ti họ tí irin funfun sì ń dán lábẹ́ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ti lu, ẹ wo camshaft fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí tó ń ti irin náà, nítorí pé ó ṣeé ṣe kó ti jẹ ẹ́. Ẹ́ńjìnì yìí kan náà máa ń kó èédú sẹ́nu fáàfù, nítorí pé inú sìlíńdà gan-an ni epo ń bọ́ sí, kò sí èyí tó ń fọ fáàfù. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ní ti fíltà afẹ́fẹ́, mo rọ̀ yín kí ẹ fi àpótí tó bá ọkọ̀ wá sílẹ̀. Fíltà onígbangba tó máa ń dún bí ìgbà tí ẹnìkan ń mí gúlegúle máa ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru sì ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fún ètò tuntun. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá ń sọ lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ní ọ̀nà Obajana, fíltà gidi inú àpótí rẹ̀ ló lè dáàbò bo tọ́bò.

Ó wá kan sàláńsà. Nínú ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò, páìpù tó gbòòrò jù kì í ṣe èrè: èéfín yóò máa rọra rìn nínú rẹ̀, agbára ìsàlẹ̀ tí ẹ fi ń gun òkè ní agbègbè Kàbà yóò sì dín kù. Ínṣì méjì àti ìdá mẹ́rin kan tó fún ẹ́ńjìnì lítà 2.0 bẹ́ẹ̀. Ti oní-tọ́bò yàtọ̀, nítorí pé bí èéfín bá ṣe rọrùn láti jáde lẹ́yìn tọ́bò ló ṣe dára. Ínṣì méjì àbọ̀ sí mẹ́ta ni wọ́n ń lò. Ẹ ra páìpù tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ láìjẹ́ kí inú rẹ̀ fún, nítorí pé ibi tí wẹ́dà bá ti fi agídí tẹ páìpù ni yóò ti fún pọ̀, ìyẹn sì ni ìwọ̀n tòótọ́ tí ẹ ní, ohun yòówù kí iyókù jẹ́. Bí ó bá jẹ́ stainless, wẹ́dà oní-gáàsì argon ni kí wọ́n fi jó o. Kí wẹ́dà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ tú orí bátìrì kúrò, torí pé iná wẹ́dà lè ba brain box jẹ́. Ẹ fi flexible (páìpù tó ń rọ̀) sí ibi tó sún mọ́ ẹ́ńjìnì, ẹ má sì jẹ́ kí páìpù kankan lọ sílẹ̀ ju ara ọkọ̀ lọ. Kòtò ọ̀nà wa kò ní dárí jì í.

Sẹ́ńsọ̀ oxygen àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Òun ló ń sọ fún brain box bí afẹ́fẹ́ àti epo ṣe pò. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ibi tí wọ́n jó wọlé ṣáájú rẹ̀, yóò rò pé epo kò tó, yóò sì máa fi kún un. Òkè páìpù ni kó wà, kó má ṣe wà nísàlẹ̀ níbi tí omi ń dúró sí. Láti mọ̀ bóyá ó ń jò, ẹ ta ẹ́ńjìnì tútù ní gbangba, ẹ fi aṣọ nípọn dí ẹnu sàláńsà díẹ̀, ẹ sì fi omi ọṣẹ pa ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n jó. Ibi tó bá ń hó ni ó ń jò. Ẹ má ṣe é nínú gáréèjì tí a tì, nítorí pé gáàsì tó ń pani nínú èéfín náà kò ní òórùn. Catalyst, ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́ nínú sàláńsà, ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Àwọn tó ń bẹ̀ yín kí wọ́n gé e, platinum, palladium àti rhodium inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bí ó bá dí, ẹ wádìí ohun tó dí i ná, bóyá púlọ́ọ̀gì tí kò tanná dáadáa tàbí òróró tí ẹ́ńjìnì ń jó.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ètò tuntun sínú brain box, ẹ ka èyí tó wà níbẹ̀ jáde ná, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì. Ẹ so ṣájà tí ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé mọ́ bátìrì ní gbogbo àkókò tí kíkọ náà ń lọ, lórí jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter tó dára, kì í ṣe iná nẹ́pà tó lè lọ nígbàkigbà. Bí iná bá já láàárín, brain box lè kú. Oní-tọ́bò lè rí ìdá márùn-ún kan agbára rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbà. Tí kò ní tọ́bò, díẹ̀ péré ni, ẹ má sì jẹ́ kí ariwo sàláńsà tàn yín jẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ so kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ́ńjìnì ń ṣe mọ́ ọn, kí ẹlòmíràn jókòó tì yín láti máa wò ó, kí ẹ sì yan ojú ọ̀nà tó dá, tó nà tààrà. Jíà kejì ni kí ẹ lò, láti ìyípo ẹ́ńjìnì 2,500 ní ìṣẹ́jú kan títí dé nǹkan bí 6,000, kí ìsáré má baà ju ohun tí òfin gbà lọ. Ẹ ṣe é ní ọ̀sán gangan, nítorí pé ètò tó dára ní ìdájí tútù lè máà dára nígbà tí oòrùn bá mú. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́jẹ́, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo yóò wà ní nǹkan bí 14.7 sí 1. Nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ti oní-tọ́bò yẹ kó sún mọ́ 12 sí 1. Bí brain box bá ń fa àkókò iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn lemọ́lemọ́ nínú sìlíńdà kan nítorí ìró bí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn, ẹ dá dúró, ẹ dá àkọsílẹ̀ náà padà fún ẹni tó kọ ètò, kí ó dín in kù.

Lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 500, ẹ tún gbogbo bóòtù sàláńsà fún, kí ẹ sì tú púlọ́ọ̀gì wò lójú oòrùn. Bí tánganran rẹ̀ bá ní àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ máa wa ọkọ̀ yín lọ. Bí ó bá funfun nini, tí àwọn tótòtó kéékèèké tó ń dán bí irin sì wà lára rẹ̀, písítìn ló ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ dá ètò àtijọ́ padà sínú brain box kí ẹ tó tún ta ẹ́ńjìnì náà.