Bí mo ṣe já ojú mi gbà lọ́wọ́ ìpara sìtẹ́rọ́ìdì

Ìpara clobetasol 0.05% ni wọ́n fún mi fún ojú tó ń yún mi, ó sì wà lára àwọn sìtẹ́rọ́ìdì (oògùn tó ń mú kí wíwú, pípọ́n àti yíyún rọlẹ̀) tó lágbára jù lọ. Bí mo bá ti fi pa ojú, ara á tù mí. Bí mo bá dá a dúró díẹ̀, ojú á tún pọ́n, irorẹ́ wẹ́wẹ́ á sì yọ yí ẹnu àti imú ká.

Dókítà awọ ara ló wádìí rẹ̀. Ó kán gúlúù sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ó ṣí i, ó sì fi awò tó ń sọ ohun tíntín di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Demodex ló kún bẹ̀: kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí kò gùn tó ìdajì mìlímítà, tó ń gbé inú ihò irun. Àgbàlagbà tí kò ní in lára kò wọ́pọ̀ rárá, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí kọ́ nìyí, kí ojú má ti ẹnikẹ́ni. Sìtẹ́rọ́ìdì ló ń dẹ agbára tí awọ fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, tí kòkòrò náà fi ń pọ̀ sí i.

Dókítà ní kí n jáwọ́ nínú ìpara náà. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ojú mi wú, ó ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á, ó sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwọ tó o wà nípò yẹn báyìí, jọ̀ọ́, má padà sídìí rẹ̀: awọ tí sìtẹ́rọ́ìdì ti mọ́ lára ló ń béèrè rẹ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó rọlẹ̀. (Ẹlòmíì wà tí dókítà á ní kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá ti lò ó pẹ́, kó béèrè ná.) Aṣọ tí mo rì sínú omi tútù ni mo ń gbé lé e. Mo pa àtíkè, òróró àti ọṣẹ olóòórùn tì.

Ìpara ivermectin 1%, oògùn tó ń pa kòkòrò náà, ni mo ń fi pa ojú ní tín-ín-rín lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, èyí tí wọ́n ṣe fún ojú èèyàn, kì í ṣe ti ẹran ọ̀sìn. Mo tún lo doxycycline, oògùn agbógunti bakitéríà tí wọn kì í sábà fún aláboyún. Ó ń mú kí oòrùn tètè jó awọ, mo sì ń sá fún oòrùn ọ̀sán.

Yíyún ló kọ́kọ́ lọ, irorẹ́ tẹ̀ lé e. Pípọ́n ló pẹ́ jù. Ní báyìí, kí n tó fi ìpara kankan kan ojú, mo máa ń ka ara páálí rẹ̀ bóyá màá rí orúkọ sìtẹ́rọ́ìdì bíi clobetasol, betamethasone tàbí mometasone níbẹ̀.