Bí A Ṣe Lè Fi Àtẹ̀jíṣẹ́ Fóònù Ran Ẹni Tó Fẹ́ Jáwọ́ Nínú Sìgá Lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá pinnu láti fi sìgá sílẹ̀ ló máa ń padà sídìí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, kì í sì í ṣe nítorí pé wọn kò mọ ewu tó wà níbẹ̀. Nikotíìnì inú tábà ti di bárakú fún ara. Bí kò bá ti wọlé mọ́, inú á máa bí ènìyàn láìnídìí, oorun kò ní í lọ geere, ọkàn kò ní í dúró sójú kan, ìnira yìí a sì máa le jù lọ ní nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹta, kí ó tó máa rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, dókítà kò sí nítòsí, ará ilé sì lè ti sùn, ṣùgbọ́n fóònù wà nínú àpò. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá dé ní wákàtí tí ara ń béèrè sìgá gan-an lè ṣe iṣẹ́ tí ìkìlọ̀ ọ̀sán gangan kò lè ṣe, èyí sì ni kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìrànlọ́wọ́ yìí fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì, apoògùn, olórí ẹgbẹ́ tàbí ọmọ tó ń ṣàníyàn nípa baba rẹ̀.

Ẹ̀rí wà fún un. Ní New Zealand, ìwádìí kan tó jáde ní 2005 fi ènìyàn 1,705 dán ọ̀nà yìí wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 28% nínú àwọn tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ ló sọ pé àwọn ti jáwọ́, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 13%. Ìwádìí tó tóbi ju ìyẹn lọ ni txt2stop ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kó ènìyàn 5,800 jọ, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2011. Àwọn olùwádìí náà kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ṣe ẹ̀rí: wọ́n yẹ itọ́ àwọn tó sọ pé àwọn ti jáwọ́ wò, wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 10.7% nínú àwọn tó gba àtẹ̀jíṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni kò mu sìgá mọ́, tí ti àwọn tí kò gbà á sì jẹ́ 4.9%. Ẹni tó bá ń retí iṣẹ́ ìyanu yóò já kulẹ̀ níbí, nítorí pé nínú ẹni ọgọ́rùn-ún, bí ẹni 89 ni kò tíì bọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ohun tí kò náni ju owó táṣẹ́rẹ́ lọ sọ iye àwọn tó jáwọ́ di ìlọ́po méjì, èmi kò lè fojú kéré ìyẹn. Àkójọ ìwádìí tí Cochrane, àjọ tó ń kó àwọn ìwádìí ìlera jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, gbé jáde ní 2019 náà gbè é lẹ́sẹ̀, kò sì rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fún áàpù orí fóònù, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kò tó iṣẹ́ yìí ṣe.

Ẹni tó fẹ́ jáwọ́ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láìsọ fún un yóò kà á sí ìyọlẹ́nu, yóò sì pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́ láìkà á. Bí ó bá ti gbà, ẹ jókòó tì í kí ẹ sì fara balẹ̀ bi í léèrè: ẹyọ mélòó ló ń mu lójúmọ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó tó bá jí ló ń tan àkọ́kọ́, kí ló máa ń mú kí ó wá a, ta ni wọ́n jọ máa ń mu ún, kí ló fà á tó fi fẹ́ jáwọ́ báyìí, ṣé òun nìkan ló ń lo fóònù rẹ̀, ṣé ó sì lè ka Yorùbá dáadáa àbí ìpè ni yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn jù. Àwọn ìdáhùn yìí ni ẹ ó fi kọ àtẹ̀jíṣẹ́. Awakọ̀ tó ń mu sìgá ní gáréèjì nígbà tó bá ń retí kí ọkọ̀ kún, àti ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń mu tirẹ̀ pẹ̀lú bíà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò yẹ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ kan náà, kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ wọn dé ní àkókò kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jọ dá ọjọ́ tí yóò jáwọ́. Nínú txt2stop, ọjọ́ yìí kì í kọjá ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbà tí ènìyàn bá forúkọ sílẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tó bá jìnnà jù a máa di àìmọye ìsúnsíwájú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bọ́ sí ọjọ́ òde àríyá tàbí ọjọ́ ìsìnkú tí gbogbo ọ̀rẹ́ yóò péjọ.

Ní ti iye àtẹ̀jíṣẹ́, márùn-ún lójúmọ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ìwádìí náà, lẹ́yìn èyí ni wọ́n dín in kù sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 26. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ṣe é lè dín tirẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kìíní ni kí ó fi sílẹ̀ láìdín. Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ kí ó tó jí, ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ sì gbé èyí tó kù sí àkókò tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó le jù. Láti orí fóònù Android, áàpù àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń jẹ́ Google Messages gba ènìyàn láyè láti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ó sì dá àkókò tí yóò lọ: ẹ tẹ bọ́tìnì ìfiránṣẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò bi yín ní ọjọ́ àti wákàtí.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹ má ṣe fi ikú dẹ́rù bà á lójoojúmọ́. Ó ti mọ̀, ẹ̀rù náà sì lè mú kí ó wá sìgá kún un. Ohun tí ó nílò ni ohun tí yóò ṣe nísinsìnyí: kí ó mu omi tútù, kí ó jẹ orógbó bí ó bá fẹ́ nǹkan lẹ́nu, kí ó kúrò níbi tí wọ́n ti ń mu ún, kí ó rántí pé irú ìbéèrè ara bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ìròyìn ayọ̀ náà wúlò, bí ó bá jẹ́ òtítọ́: láàárín 20 ìṣẹ́jú lẹ́yìn ẹyọ ìkẹyìn, lílù ọkàn a máa rọlẹ̀, láàárín wákàtí 12, gáàsì carbon monoxide inú ẹ̀jẹ̀ a padà sí bó ṣe yẹ kó wà, lẹ́yìn ọdún kan, ewu àrùn ọkàn a dín kù sí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún. Bí ó bá ń bẹ̀rù pé òun yóò sanra, ẹ kọ ọ́ sí i nípa ìyẹn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tìtorí ẹ̀ padà.

Ẹ tún wo bí ẹ ṣe ń pè é. Ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì tó bá kọ “o” sí àgbàlagbà ti ba iṣẹ́ jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. “E ku ise, Baba Sade. Oni ni ojo keta, oun lo si maa n le ju. Ti ara ba n beere, e fi RANMI ranse si nomba yii, a o da yin lohun kiakia.” Irú èyí ti tó.

Mo kọ àpẹẹrẹ yẹn láìsí àmì, ó sì ní ìdí. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160 nígbà tí ó bá jẹ́ lẹ́tà lásán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹyọ ẹ, ọ, ṣ tàbí á kan ṣoṣo sí i, gbogbo rẹ̀ yóò yí padà sí ọ̀nà ìkọsílẹ̀ mìíràn tí kò gbà ju 70 lọ, ìyókù yóò sì di àtẹ̀jíṣẹ́ kejì tí ẹ ó san owó rẹ̀. Lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ tún sábà máa ń gba àyè méjì. Nítorí náà, kò sí èrè nínú fífi àmì díẹ̀ sí i: ẹ yọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé kò ní ìtumọ̀ méjì, tàbí kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí i kí ẹ sì gé ọ̀rọ̀ kúrú. Fún ẹni tó kàwé Yorùbá dáadáa, èmi fẹ́ràn ti ìkẹyìn: “Ẹ mu omi tútù, ẹ rìn díẹ̀. Yóò rọlẹ̀ láìpẹ́.”

RANMI tó wà nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn ni ọkàn ètò náà. Nínú àwọn ètò ilẹ̀ òkèèrè, ènìyàn a fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ nígbà tí ara bá ń béèrè, a sì fi òmíràn ránṣẹ́ bí ó bá ti kọsẹ̀ mu ẹyọ kan. Ìdáhùn a sì wọlé lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣe tiyín ní Yorùbá, kí ó kúrú, kí ó má ṣe nílò àmì: RANMI fún ìgbà tí ó le, KOSE fún ìgbà tí ó ti mu ún, DURO fún ẹni tí kò fẹ́ gba àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá fi KOSE ránṣẹ́, ẹ má ṣe bá a wí. Ẹ béèrè ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó máa bá ọjọ́ náà lọ láìmu ìkejì. Òfin ìdarí tábà ti Nàìjíríà ní 2015 ti fòfin de títa sìgá ní ẹyọ-ẹyọ, síbẹ̀ ẹyọ-ẹyọ náà ni wọ́n ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nítorí náà ìkọsẹ̀ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni tó bá ń rìn lọ síbi iṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lo àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ mọ̀ pé orúkọ tó bá hàn dípò nọ́mbà kò ṣeé fèsì sí, ìyẹn sì ti pa RANMI. Bákan náà, fóònù ẹni tó ti ní kí wọ́n má fi ìpolówó ránṣẹ́ sí òun nípasẹ̀ 2442, nọ́mbà kúkúrú tí wọ́n fi ń dí ìpolówó ní Nàìjíríà, lè má gba ọ̀rọ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí nọ́mbà tiyín. Fún bí ẹni mẹ́wàá, síìmù kan tó wà fún iṣẹ́ yìí nìkan ti tó.

Ẹ rán aboyún, ẹni tí àyà ń dùn àti ẹni tó ń lo oògùn àrùn ọpọlọ lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé jíjáwọ́ nínú sìgá a máa yí bí àwọn oògùn kan ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara padà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan bóyá ó ṣì ń mu ún, kí ẹ sì ka ẹni tí kò bá dáhùn mọ́ àwọn tó ṣì ń mu ún, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn olùwádìí. Àkọsílẹ̀ nípa ìlera wà lára ohun tí òfin ààbò àkọsílẹ̀ ti Nàìjíríà ní 2023 ń dáàbò bò jù, nítorí náà bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ pa nọ́mbà àti ìdáhùn wọn rẹ́ kúrò lórí fóònù náà, àfi ti ẹni tó bá sọ pé kí ẹ má tíì fi òun sílẹ̀.