Bí mo ṣe ń yan ampilifáyà àti sípíkà olówó pọ́ọ́kú fún ìdí kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ mi ni kí n gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kí n sì tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó pẹ́ tí mo fi sípíkà pẹlẹbẹ tó wà lára kọ̀ǹpútà mi ṣe é. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ ọ̀rọ̀ obìnrin kan báyìí: "Ọkọ mi ni mò ń dúró dè." Nígbà tó ka iṣẹ́ náà, ó ní ọkọ̀ lòun sọ. Àmì ohùn kan péré ló yàtọ̀, ìtàn ti yí padà. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó máa gbé ọ̀rọ̀ jáde bó ṣe kúrò lẹ́nu, tí kò sì ní gbọ́n àpò mi gbẹ.

Watt ni mo kọ́kọ́ lé, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń ṣe. Wọ́n kọ 300 watt gàdàgbà sí iwájú ampilifáyà tí mo kọ́kọ́ rà. Ara ṣájà rẹ̀ ni òótọ́ wà: 12 volt, 5 ampere. 12 lọ́nà 5 jẹ́ 60, 60 watt sì ni gbogbo iná tó lè wọ inú ẹ̀rọ yẹn. Ohun tí kò wọlé, níbo ló fẹ́ gbà jáde? Torí náà, ẹ ka ara ṣájà kí ẹ tó ka ara páálí. Fún ọ̀pọ̀ àwọn ampilifáyà Class D (irú tí kì í fi bẹ́ẹ̀ fi iná ṣòfò) kéékèèké tó ń lo ṣájà, ìṣirò kan wà tó ń bá mi ṣe é: ẹ sọ volt lọ́nà ara rẹ̀, kí ẹ fi ohm sípíkà (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná, ó máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀) lọ́nà méjì pín in. Bí ṣájà bá jẹ́ volt 12, tí sípíkà sì jẹ́ ohm 8, 144 tí a fi 16 pín jẹ́ 9. Watt 9 fún sípíkà kọ̀ọ̀kan nìyẹn kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Bí ṣájà bá jẹ́ volt 24, ó di 36.

Ṣé watt 9 wá kéré ni? Rárá o, kò kéré fún ẹni tó jókòó nídìí tábìlì. Nínú ìwé tó bá sípíkà wá, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe lọ sókè tó) tẹ̀ lé, bíi 85 dB. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí watt 1 bá wọ sípíkà náà, bó ṣe máa dún létí ẹni tó wà ní mítà 1 sí i nìyẹn. 85 dB kì í ṣe ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí etí má ṣe gbà á ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi 3 dB péré kún un, watt gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá fẹ́ fi 10 dB kún un, ó gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tó fi owó kún owó kí watt 50 lè di 100, 3 dB yẹn ló rà. Etí tèmi kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 70 sí sípíkà.

Ohun tó ṣe pàtàkì nídìí tábìlì ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí sípíkà bá wà lódìkejì yàrá, ẹ kò ní gbọ́ ariwo "ṣṣṣ" tí ampilifáyà ń ṣe nígbà tí ohunkóhun kò dún nínú rẹ̀. Níwájú yín, ẹ máa gbọ́ ọ ṣáá ni, pàápàá lálẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tan ẹ̀rọ náà láìsí orin kankan, ẹ yí ohùn rẹ̀ dé ibi tí ẹ máa ń gbọ́ ọ sí, kí ẹ gbé etí sí ìwọ̀n ibi tí ẹ máa jókòó sí. Bí ẹ bá gbọ́ "ṣṣṣ", ẹ dá a padà, ì báà ní watt ẹgbẹ̀rún.

Sípíkà ni kí ìdá méjì nínú mẹ́ta owó yín lọ sí. Èyí tí wúfà rẹ̀ (ojú ńlá tó ń gbé bẹ́ẹ̀sì jáde) jẹ́ íǹṣì 4 tàbí 5 ló bá tábìlì mu. Íǹṣì 3 lè sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ bẹ́ẹ̀sì rẹ̀ máa fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ampilifáyà bóyá ó gba ohm tí sípíkà ní. 4 sí 8 ló wọ́pọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn sípíkà náà pẹ̀lú: bí ihò afẹ́fẹ́ bá wà níbẹ̀, tí ògiri sì sún mọ́ tábìlì yín, bẹ́ẹ̀sì á máa wú bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tí ihò rẹ̀ wà níwájú ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá. Sípíkà tí ampilifáyà ti wà nínú rẹ̀ dára fún ẹni tí àyè há mọ́, kò sí wàhálà wáyà. Èmi kì í yàn án, torí bí ampilifáyà inú rẹ̀ bá jó, sípíkà tó ṣì dáa máa bá a lọ.

Àlòkù ni mo rà ní tèmi, mi ò sì kábàámọ̀. Mo fi ìka mẹ́ta ti wúfà wọlé jẹ́jẹ́, mo gbọ́ bóyá ohun kan ń ha nínú. Mo wo fóòmù tó yí i ká, torí ó máa ń rà, á sì máa já lulẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Mo tún mú bátìrì volt 1.5 kan dání: mo fi orí rẹ̀ kan ojú ìso pupa tó wà lẹ́yìn sípíkà, mo fi ìdí rẹ̀ kan dúdú, fìrí báyìí. Wúfà méjèèjì gbọ́dọ̀ fò síwájú.

Ohun kan dà mí láàmú fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí mo fi wáyà tó ń wọ ihò headphone so kọ̀ǹpútà mọ́ ampilifáyà. Bí mo bá ti sún máòsì, màá gbọ́ "kírírí" nínú sípíkà. Bí mo bá dáwọ́ dúró, á dákẹ́. Mo yọ ṣájà laptop lára iná, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Èyí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé iná ló ń yí po láàárín ẹ̀rọ méjèèjì. DAC (ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà di ohùn) kékeré tó ń lo USB kò fi bẹ́ẹ̀ ràn mí lọ́wọ́, torí wáyà USB náà ṣì so wọ́n pọ̀. Èyí tó gba wáyà optical ló parí rẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, iná kò lè gba ibẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní ihò optical, ẹ wá DAC tàbí ampilifáyà tó gbà á.

Bí ẹ bá ń so wáyà sípíkà, ẹ lọ́ irun rẹ̀ pọ̀ dáadáa. Irun kan ṣoṣo tó bá ti ara pupa kan dúdú lè ba ampilifáyà jẹ́. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Bí ẹ bá gbé ẹyọ kan sódì, bẹ́ẹ̀sì á pòórá.

Ọ̀tọ̀ ni ti ìtò, owó kọ́ ló ń gbà. Ìwé atúmọ̀ èdè méjì tó nípọn ni mo gbé tèmi lé, mo fi fóòmù tẹ́ ẹ, títí twíítà, ojú kékeré tó ń gbé ohùn tínrín jáde, fi bá etí mi dọ́gba. Àárín sípíkà méjèèjì dọ́gba pẹ̀lú àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn àti orí mi, mo sì yí ojú wọn sí mi díẹ̀. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń wú bẹ́ẹ̀sì nínú kọ̀ǹpútà, ẹ gbé ohùn kọ̀ǹpútà sókè, kí ẹ máa fi ampilifáyà dín in kù. Kí ẹ wá ṣí ohùn ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀. Àárín gbùngbùn ló yẹ kó ti máa jáde, lójú kọ̀ǹpútà gan-an, níbi tí sípíkà kankan kò sí. Bí ó bá fì sí apá kan, ẹ máa sún sípíkà díẹ̀díẹ̀ títí á fi bọ́ sí àárín.